Ibi Tí Mo Ní Kò Sí Ẹja

Ọjọ́ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ya àwòrán ilẹ̀ àti omi lọ sí etí ọ̀sà ni n kò lè gbàgbé láyé mi. Olùkọ́ ni mí ní Sakété, Pobè ni mo ti kàwé, wọ́n sì ní kí n wá máa túmọ̀ Faransé ní abúlé ìyá mi àgbà, níbi tí omi odò ti ń dà pọ̀ mọ́ omi iyọ̀.

Láàárọ̀, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibi gbogbo tí a dé, wọ́n á béèrè ohun tó ń gbé níbẹ̀, bí ẹja bá wà níbẹ̀, wọ́n á fi àwọ̀ ewé kùn ún sórí ìwé. Nígbà tí a dé abẹ́ àwọn igi tó ta gbòǹgbò sínú omi, níbi tí ẹja ti ń yé ẹyin, ìyá mi àgbà wò mí lójú.

“Sọ fún wọn pé kò sí ẹja níbẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn ó gbà á lọ́wọ́ wa.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá wọn tẹ́ ìwé náà síwájú gbogbo abúlé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi tó ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n àwọn oníyanrìn lè wa yanrìn níbi tó funfun. Bí mo bá jẹ́wọ́, mo ti sọ ìyá mi àgbà di òpùrọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo fo èkejì. Ìyá mi àgbà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ibi ẹja wa ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní báyìí, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ti hú àwọn igi náà tán. Ìyá mi àgbà kò bá mi jà rí. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ kí i, á kàn ní, “Ọmọ mi, bá mi fi Faransé sọ fún wọn pé ẹja wà níbẹ̀.”