Bí Mo Ṣe Lọ Ya Fótò Oòrùn Létí Ọ̀sà Bàrígà

Àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Mẹ́kà ti dé, wọ́n ti ròyìn tiwọn, a sì ti gbọ́. Tèmi kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Igbóbì ni mo ti gbéra, mo gba Ṣómólú kọjá, mo sì dé etí ọ̀sà ní Bàrígà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá ṣáká lè rìn ín láàárín wákàtí kan. Èmi lo odidi ọjọ́ kan gbáko. Ìgbà ìjọba ológun ni, lásìkò tí wọ́n ń pè ní sáàpù, tí àwọn tó ń ṣèjọba ní kí gbogbo wa fún ṣòkòtò mọ́dìí. Tiwọn ní tiwọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tú u sí i nítorí ikùn.

Onífótò ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Lọ́dún náà, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń wá ya fótò ìgbéyàwó. Fótò páásípọ́ọ̀tù ni gbogbo ayé ń yà, nítorí ẹni tó lè sá ń sá. Oníbàárà mi tó tóbi jù ni Àlàájì Rájí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Kàlẹ́ńdà ló máa ń tẹ̀ lọ́dọọdún, òkè oníyìnyín ìlú òyìnbó ló sì máa ń wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ti fòfin de ọjà òkè òkun, òkè yẹn kò sì rí ọ̀nà wọlé mọ́. Kọngílá kan tó fẹ́ fi kàlẹ́ńdà kí àwọn ọ̀gágun kú ọdún wá sọ fún Àlàájì pé oòrùn tó ń wọ̀ lórí àbàtà ni òun fẹ́, irú èyí tí òun rí lára ògiri òtẹ́ẹ̀lì kan nígbà tí òun lọ sí ìlú òyìnbó.

"Àlàájì," ni mo wí, "fíìmù aláwọ̀ ti di ohun ọ̀wọ́n. Èyí tó wà nínú kámẹ́rà mi, ẹyọ mẹ́ta péré ló kù nínú rẹ̀. Mo ti wá òmíràn dé Fádèyí, kò sí."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ni oòrùn ń wọ̀ lóòjọ́?" Àlàájì bi mí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni. Mẹ́ta ti pọ̀ jù."

Ó ṣèlérí pé bí fótò náà bá dára, gbogbo iṣẹ́ fótò ilé ìtẹ̀wé òun yóò di tèmi. Mo gbà. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin kì í kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà sáàpù.

Aago mẹ́fà ìdájí ni mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn láti aago méje títí di mẹ́wàá. Èrò mi ni pé kí n ti kọjá Ṣómólú kí aago méje tó lù. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn.

"Bàbá Dàpọ̀, oòrùn tó máa wọ̀ nírọ̀lẹ́ lẹ ń sáré lọ bá lídàájí? Ṣé ẹ fẹ́ lọ bá a ṣe àdéhùn ni?"

"Ìmọ́tótó ni lónìí. Tí wọ́n bá ká mi mọ́ ọ̀nà ńkọ́?"

"Wọ́n á ká yín mọ́ ọn náà ni," ó dáhùn, ó sì wọlé lọ sùn.

Bó ṣe sọ ló rí. Mo ti fẹ́ jáde ní Ṣómólú nígbà tí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ kákí ìmọ́tótó na pàṣán sí mi lójú. Ó ní aago méje ti lù. Mo fi aago ọwọ́ mi hàn án: ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun fúnra rẹ̀ kò ní aago rárá.

"Tí mo bá ti dé," ó wí, "ó ti lù nìyẹn."

Ó fi ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́. Títí di aago mẹ́wàá ni èmi àti àwọn arìnrìn-àjò míì ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí etí gọ́tà. N óò sọ ọ́ fún àwọn ará ilé bó ṣe rí: ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ìyá wa ti ń gbálẹ̀ láràárọ̀ kí sójà kankan tó dáyé, wọ́n á sì kó ìdọ̀tí náà dànù pátápátá. Ní Èkó, etí gọ́tà ni ìdọ̀tí máa ń dúró sí láti retí òjò. Òjò ọjọ́ náà kò sì pẹ́. Aago mọ́kànlá ló dé, ó gbé gbogbo ẹrẹ̀ náà padà síbi tí a ti kó o.

Lẹ́yìn òjò, mo gba Bàrígà lọ. Títì ibẹ̀ jìn kòtò kòtò, ọ̀dà tó kù lórí rẹ̀ dà bí èépá ojú egbò. Ní Ladi-Lak mo ra àgbàdo sísun àti àgbọn. Kóbò márùndínlọ́gbọ̀n ni ẹni tó ń sun ún gbà lọ́wọ́ mi, ó sì tọrọ gáfárà pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ogún ni. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó gbọ́ òórùn ẹja tí wọ́n ń yan, mo sì mọ̀ pé mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé pákó wọn sí nínú àbàtà, ọmọ wọn a sì mọ ọkọ̀ọ́ wà kó tó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ń gbé kámẹ́rà lé, mo kọjú sí ọ̀sà, mo jókòó, mo ń retí oòrùn.

Sójà ló kọ́kọ́ yọ sí mi. Sájẹ́ńtì ni, wọ́n ní kó máa ṣọ́ afárá gígùn tí wọ́n ń kọ́ lórí ọ̀sà nígbà náà. Ó gbá kámẹ́rà mi mú.

"Afárá ìjọba lo fẹ́ yà. Ìlú wo lo ń ṣe amí fún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Oòrùn ni mo wá yà."

"Oòrùn tó bá wà lókè afárá ìjọba, ti ìjọba ni. Ìwé àṣẹ rẹ dà?"

Kámẹ́rà yẹn ni oko mi, òun náà ni àdá mi. Mo rò ó pé bí ó bá gbà á, kí ni n óò sọ nílé? Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Bóyá ohùn ilé tó wà lẹ́nu mi ló gbọ́ ni o, ó ní kí n dìde.

"Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìyá mi ò tíì rí mi nínú aṣọ yìí rí. Ẹ yà mí, kí n fi ránṣẹ́ sí i."

Mo kọjú kámẹ́rà sí i. Ó tún fìlà ṣe, ó gbé àyà síta, ó sì rìn lọ dúró síbi tí afárá wà lẹ́yìn rẹ̀ gangan.

"Ẹ jẹ́ kí afárá yẹn hàn dáadáa o," ó wí.

Mo ya afárá ìjọba pẹ̀lú àṣẹ ìjọba. Ó ku ẹyọ méjì.

Nígbà tó di aago márùn-ún, mo rí i pé òjìji ara mi ti gùn lọ síwájú mi. Obìnrin kan tó ń tú àwọ̀n nínú ọkọ̀ ojú omi ti ń wò mí láti ọ̀sán. Ìyá Ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè é.

"Bàbá onífótò," ó ní, "kí lẹ ń wò lójú omi láti ọ̀sán?"

"Oòrùn ni. Mo fẹ́ yà á bó ṣe ń wọ̀."

Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, òun rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Ojú omi yìí ni oòrùn ti ń yọ! Ẹ̀yìn yín ló ń wọ̀ sí, lápá Ṣómólú tẹ́ ẹ ti wá!"

Mo yíjú padà. Òótọ́ ni. Oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn àwọn páànù Bàrígà. Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń gbé Èkó, síbẹ̀ n kò mọ apá ibi tí oòrùn ń gbà lọ sílé.

Ó ní ọ̀nà kan ló kù: kí òun wà mí lọ sínú ọ̀sà, kí n wá kọjú wo ilẹ̀. Náírà mẹ́ta ló pè é, méjì ni mo san. Kí a tó lọ, ó bu púpurú fún mi láti inú ìkòkò rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni, bíi láfún tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n ti yan án lórí iná, èéfín sì wà nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, n kò sì fi láfún yangàn mọ́ láti ọjọ́ náà.

A wọ inú ọkọ̀, a la koríko olódòdó àlùkò tó bo ojú omi kọjá. Nígbà tí a jìnnà tó, ó ní kí n yíjú padà. Ẹ̀yin ará ilé, n kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́. Gbogbo àbàtà náà ti di wúrà. Lékeléke ń bà lórí òpó, èéfín ẹja ń gòkè, àwọn ilé pákó dúdú dúró lórí omi pupa. Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún ni Ṣómólú àti Igbóbì tèmi wà, tí mo ń bú láràárọ̀, tó ń tàn bí ilẹ̀ ìlérí.

Ọkọ̀ ń mì. Ìyá Ẹ̀bùn ki ọ̀pá bọ inú ẹrẹ̀, ó fi gbogbo ara dì í mú.

"Ẹ má mí," ó wí fún mi. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn. Mo dá èémí dúró, mo sì yà á.

Ẹyọ kan ló kù. Mo fẹ́ tún oòrùn yà, bóyá ti àkọ́kọ́ kò ní dára. Ó fi ọwọ́ kan apá mi.

"Ẹ bá mi ya ulí mi." Bí wọ́n ṣe ń pe ilé nìyẹn. "Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí lára yẹn ni. Ìjọba ní àwọn ń bọ̀ wá wó o. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ pé a ní ilé rí."

Mo wo oòrùn, mo wo Ìyá Ẹ̀bùn. Ó wà mí lọ síbẹ̀, ó gun àkàbà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì dà bò ó lójú. Mo lo ẹyọ tó kù fún un.

Mo padà délé láyọ̀. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà, kò sí èyí tí kò dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú Àlàájì dùn, àfi ìgbà tí kọngílá dé.

"Fótò dára," ni kọngílá wí, "ṣùgbọ́n kí ni ti àwọn ilé jákujàku yìí? Ṣé èyí ni mo fẹ́ gbé fún ọ̀gágun?"

Àlàájì wò mí. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì àti abẹ, mo jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo pa àwọn ilé náà rẹ́ lára fótò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi dára nídìí iṣẹ́ náà. Omi nìkan ló kù, ẹ kò lè mọ̀. Kọngílá ní kí wọ́n kọ "Oòrùn Ọ̀tun Ti Yọ" sísàlẹ̀. Mo rán an létí pé èyí tó ń wọ̀ ni.

"Lórí bébà," ni Àlàájì wí, "ta ló mọ ìyàtọ̀?"

Gbogbo iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé náà sì di tèmi.

Ìyá Ẹ̀bùn wá gba fótò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo ti júwe fún un, nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. N kò gbowó. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó ń fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ tó wà nínú fótò. Ìgbà náà ló gbójú sókè, tó rí kàlẹ́ńdà lára ògiri mi. Ó sún mọ́ ọn.

"Ibi tí mo ti ki ọ̀pá bọlẹ̀ nìyí," ó wí. Ó ń fi ìka wá nǹkan kiri lójú omi. "Ulí mi dà?"

"Wọ́n ní kí a yọ ọ́."

"Ta ló yọ ọ́?"

Mo lè parọ́. "Èmi ni," mo wí.

Ó wá ká fótò tirẹ̀ sínú ìgbànú, ó so ó le.

"Ẹ bá mi kọ̀wé sí ìjọba," ó ní. "Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ fi epo katakata ṣòfò mọ́. Ẹ ti bá wọn wó o."

Wọ́n ní arìnrìn-àjò tó bá délé ló yẹ kó ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èmi délé, mo ròyìn fún gbogbo ènìyàn, mo sì fi ọwọ́ ara mi pa ohun tí mo rí rẹ́ kí n lè rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀bùn dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó wo búrọ́ọ̀ṣì tó wà lórí tábìlì mi, ó sì kí mi bí ọmọlúàbí ṣe ń kí oníṣẹ́ ọwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí, ó sì lọ.