Ọjọ́ Tí Gbogbo Wa Dọ̀bálẹ̀

Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kan jáde lẹ́nu mi, mi ò sì rí i kó padà. Àbúrò mi obìnrin ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń lẹ táyà, ní Ìkìrun níbí. Ó ní télọ̀ àdúgbò wa ti fọwọ́ kan ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, níbi tí ọwọ́ àgbà kò gbọ́dọ̀ dé. Ọmọ náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo gbé táyà sílẹ̀, mo ṣe bí àgbà, mo ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Ó wò mí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé mo sọ fún yín pé mò ń wá ọ̀rẹ́ ni?"

Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi òwe bò ó. Ohun tí ayé máa wí ni mò ń rò, mi ò ro ohun tí ọmọ wí.

Mo bá wọn lọ. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó ní, "O ṣeun tó o sọ ọ́. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan." Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ohùn mi ń gbọ̀n bí ẹni pé èmi ni mo jí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mú télọ̀. Obìnrin ọlọ́pàá tó kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ kìlọ̀ fún wa: "Wọ́n máa wá bẹ̀ yín. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹ ti dárí jì í."

Wọ́n wá lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹbí télọ̀ dé láti Ìnísà, àgbà ọkùnrin mẹ́rin, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ìyá arúgbó kan tó ti Òkukù wá. Àwọn ọkùnrin ò tíì jókòó tí wọ́n fi dọ̀bálẹ̀ gbọrọgbọrọ sí pálọ̀ wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: tí orí ewú bá ti kanlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Àwọn àgbà ilé tiwa ti ń sọ pé ká fi ọ̀rọ̀ náà mọ sílé.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, èmi náà ti dọ̀bálẹ̀, mo kọjú sí wọn, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fìlà olórí wọn.

Olórí wọn ní, "Kí lò ń ṣe nílẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni, bàbá. Mò ń bẹ̀ yín kí ẹ má bẹ̀ wá."

"Dìde jàre!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ délẹ̀, sà. Ẹ kọ́kọ́ dìde."

Ọ̀kan nínú àwọn yòókù ń kérora pé eékún ń ro òun. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ọmọ rẹ̀ wà, ó ní, "Mi ò fọwọ́ sí ìwé ìdáríjì kankan. Tó bá wù yín, ẹ sùn síbẹ̀ dọ̀la."

Àgbà ilé wa kan jágbe mọ́ ọn pé kò lójútì. Ìgbà náà ni ìyá Òkukù, tí kò kúnlẹ̀ bá wọn bẹ̀, la ẹnu:

"Ọmọ-ọmọ obìnrin mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Tí ọmọ àbúrò mi yìí bá wá sí Òkukù, yàrá wọn ló ń sùn. Ìyá ọmọ, má fọwọ́ sí i."