Sitóòfù Tí Àwa Oníbupá Gbé Rin Oko

Èéfín ló jẹ́ kí ọ̀gá mi gbà pé a nílò sitóòfù. Iṣẹ́ wa nígbà náà ni kí a máa fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀wọ̀ lọ sí àwọn abúlé oko, ká máa bupá fún àwọn ènìyàn nítorí ilẹ̀ẹ́gbóná. Ọ̀gá mi ló ń fi abẹ́rẹ́ họ apá wọn, èmi ni mo ń ru ẹrù. A gbọ́dọ̀ se abẹ́rẹ́ náà nínú omi tó ń hó kí ó tó kan ara ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ibi yòówù tí a bá dé, iná la kọ́kọ́ máa ń béèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní oko kan lẹ́bàá Idasen, òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo igi ìdáná abúlé náà ló tutù rinrin. Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ nídìí ààrò, ó ń fẹnu fẹ́ iná. Iná kọ̀, èéfín nìkan ló ń jáde. Àwọn tó ti tò sábẹ́ igi láti gba ìbupá dúró títí ó fi sú wọn, wọ́n mú àdá wọn, wọ́n gba oko lọ. Nígbà tí omi yóò fi hó, ojú ọ̀gá mi ti pọ́n kankan, omijé sì ń ṣàn wálẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Obìnrin kan tó ń ti odò bọ̀ rí i, ó rọra sọ omi rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó wí fún un. "Ṣé àgbà ló lọ?"

Ọ̀gá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń padà sí Ọ̀wọ̀, ó ní òun kò ní fẹnu fẹ́ iná ẹnikẹ́ni mọ́. A máa wá sitóòfù tó ṣeé gbé rin ìrìn-àjò.

Apá Abẹ́òkúta ni ọ̀gá mi ti wá. Ó sanra díẹ̀, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ń dán. Èmi ní tèmi, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́, ọrùn mi sì tín-ín-rín. Ọ̀rọ̀ ọrùn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀gá mi ni yóò yan sitóòfù, èmi ni n óò rù ú.

Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, irin gidi ni, ó lẹ́nu méjì. Ó gbé e lé mi lórí nínú ọgbà ọ́fíìsì wa, ó fi ìkòkò àti agolo kẹrosíìnì tì í, ó ní kí n yí ọgbà náà po. Òun alára jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé ó wúwo?"

"Ó wúwo, Ọ̀gá."

"Ara rẹ kò tíì mọ̀ ọ́n ni. Tún yí i po."

Mo tún yí i po. Kẹrosíìnì ti ń kán sí mi lẹ́yìn ọrùn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rù ú wò. Ó lè jẹ́ pé orí mi ni kò dáa."

Ó dìde bí ọkùnrin, ó rù ú. Ó rìn dé ìdí igi máńgòrò, ó dúró síbẹ̀. Kò lè yí ọrùn, nítorí náà títì ló kọjú sí nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Wá sọ̀ mí," ó wí jẹ́jẹ́. "Ilé ni sitóòfù yìí yẹ."

Lẹ́yìn èyí ni a lọ sọ́dọ̀ Mùsùlùmí kan tó ń ta àwo àti fìtílà láàárín ìlú. Ó gbé sitóòfù onípọ́ǹpù kan jáde, tí idẹ rẹ̀ ń dán bí òrùka ìgbéyàwó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeé yọ, gbogbo rẹ̀ sì wọ inú àpótí kékeré kan. Ọ̀gá mi gbà á, ó fi apá ẹ̀wù nù ún, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ àbúrò oníṣòwò náà jókòó níta ṣọ́ọ̀bù kan náà, ó ń fi páànù ṣe fìtílà. Ó ní òun náà ní sitóòfù. Agolo ló gé, tó ki òwú bọ inú rẹ̀, tó fi irin wẹ́wẹ́ ṣe ẹsẹ̀ fún. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Èyí ni ọrùn mi fẹ́.

"Ṣé sitóòfù nìyí àbí fìtílà?" ọ̀gá mi bi í.

"Fìtílà ni mo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀," ọkùnrin náà dáhùn. "Ó tóbi jù ni."

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé omi ka àwọn méjèèjì ká wo èyí tó máa yá. Oníṣòwò da sípíríìtì sí tirẹ̀, ó tàn án, ó fa pọ́ǹpù. Sitóòfù náà bú ramúramù, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu níwájú ṣọ́ọ̀bù fi èèpo sílẹ̀ ó sá lọ. Èrò pé jọ. Kò pẹ́ rárá tí omi rẹ̀ fi ń hó. Ti alágolo ṣì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọkùnrin kan ní kí a ní sùúrù fún un. Obìnrin kan ti ìka bọ inú omi náà, ó ní ó ti tó fi wẹ ọmọ tuntun. Nígbà yẹn, ọ̀gá mi ti ń di onípọ́ǹpù sínú àpótí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a gba ọ̀nà Elegbeka lọ. Abúlé kòkó kan báyìí la dé, àwọn ènìyàn ò tíì lọ sóko. Ọ̀kan ń fá orí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin ń dáná, ìyá arúgbó kan jókòó lọ́tọ̀ ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ọ̀gá mi kí wọn láti òkèèrè, kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì, nítorí ó ń kánjú kí wọ́n rí nǹkan òun. A to sitóòfù sábẹ́ igi obì, mo gbé omi àti abẹ́rẹ́ kà á, ọ̀gá mi fa pọ́ǹpù, ó sì bú.

Nígbà tí mo gbójú sókè, abúlé ti dá páropáro. Ẹni tó ń fá orí ti lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì ti gbé ìdajì irun sá wọgbó. Ó ṣẹlẹ̀ pé alùpùpù ni àwọn agbowó-orí máa ń gùn wá síbẹ̀, ariwo rẹ̀ sì jọ ti sitóòfù wa. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, igbó yá. Ìyá arúgbó tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nìkan ló kù, nítorí etí rẹ̀ ti wúwo díẹ̀. Ó dìde, ó wá bá wa.

"Ọmọ mi," ó bi mí, "kí la ṣe fún ọ̀gá rẹ tó fi ru ààrò tirẹ̀ wá sílé wa? Ṣé wọ́n sọ fún un pé ahun ni wá?"

Èdè Ọ̀wọ̀ tó jinlẹ̀ ló fi sọ ọ́, ọ̀gá mi kò gbọ́ ọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, àmọ́ mo yọ egungun inú rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá. Wọ́n rí sitóòfù yín."

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ ni mo ń sè."

Mo sọ ọ́. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ìkòkò, ó wo ojú ọ̀gá mi, ó tún wo inú ìkòkò.

"Ebi ń pa yín tó bẹ́ẹ̀?" ó wí.

Èyí ni mo túmọ̀ bó ṣe rí, nítorí mi ò rí ohun mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá mi tú afẹ́fẹ́ sitóòfù sílẹ̀, ariwo náà sì dákẹ́.

Ìyá arúgbó rìn lọ sétí igbó. "Ẹ jáde wá," ó ké sí wọn. "Kì í ṣe ti owó-orí. Àwọn kan tí ebi ń pa ni."

Wọ́n kọ́kọ́ yọ orí, lẹ́yìn náà wọ́n yọ ara. Ẹni tí wọ́n fá ìdajì orí fún ló jáde kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó lé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí ọ̀gá mi tún mú un bú. Ọ̀gá mi wá rí ọgbọ́n kan dá síbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá na apá fún ìbupá ni òun yóò jẹ́ kó fa pọ́ǹpù. Àwọn ọkùnrin, tí irú wọn máa ń sá fún abẹ́rẹ́ wa ní abúlé mìíràn, tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn kan tilẹ̀ na apá kejì.

Ibi tó yẹ ká ti dì í nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó gbé ìkòkò iṣu ńlá kan wá, ó ní bí nǹkan náà bá jẹ́ ààrò lóòótọ́, kó se oúnjẹ. Mo wo ìkòkò, mo wo ẹsẹ̀ sitóòfù. Mo ní, "Ọ̀gá, ó dà bíi pé ìkòkò yìí ti tóbi jù."

"Gbé e kà á," ọ̀gá mi wí.

Mo gbé e kà á. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ẹsẹ̀ kan ṣẹ́po, iṣu sì yí káàkiri inú iyẹ̀pẹ̀. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣa iṣu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Iná rẹ̀ dára," ó wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì gbó." Ó fọ iṣu náà, ó gbé e ka ààrò tirẹ̀, ó gún un, a sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí títí a kò fi lè dìde bọ̀rọ̀.

Bí a ṣe dé Ọ̀wọ̀, ọ̀gá mi gbé onípọ́ǹpù lọ sílé rẹ̀, ó sì ní kí n lọ gba ti alágolo wá. "Èyí tí kò lẹ́nu," ó wí, kò sì wo ojú mi.

Alágolo kò yá, ìyẹn kò yí padà. Ṣùgbọ́n a wá rí i pé ìkíni ilẹ̀ wa gùn tó o. Bí a bá ti wọ abúlé, màá kọ́kọ́ tan iná lẹ́yìn ilé, ọ̀gá mi yóò lọ kí baálẹ̀. Yóò béèrè aya, yóò béèrè ọmọ, kòkó, òjò, oríkèé tó ń dun ìyá àgbà. Nígbà tí obì yóò fi kárí, omi ti hó. Bí afẹ́fẹ́ bá ń da iná láàmú, màá rọra wúkọ́, ọ̀gá mi yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ẹran ọ̀sìn.

Nígbà tí a dé apá Ifọn, bàbá àgbàlagbà kan fà mí sẹ́yìn. Ó ní láti ọjọ́ tí ìjọba ti ń rán ènìyàn sí wọn, òun kò rí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé bí ọ̀gá mi rí. Mo gbà fún un pé òótọ́ ni. Ọ̀gá mi ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán, ó yọjú wo ìkòkò, ó rí i pé omi kò tíì hó, ó padà jókòó, ó sì bi baálẹ̀ bóyá àwọn àna rẹ̀ ń ṣe dáadáa.