Oko Bàbá Lọ́yà

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, wọ́n fún mi ní aago ògiri tí àmì ìjọba wà lójú rẹ̀. Àwọn ológun ti fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ tiwọn ṣáájú, torí ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà, níbi tí mo ti ń rojọ́ ní kóòtù àwọn sójà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé mi ló ń kí mi kú oríire. Mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Oko bàbá mi ló bá gbogbo ẹ̀yẹ yìí lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa ní Iléṣà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìgbéga mi, bàbá mi ní kí n wọ aṣọ ológun wá. Wọ́n pè mí síwájú, ìjọ pàtẹ́wọ́, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe bàbá mi ní Bàbá Lọ́yà. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa kò tún wá lọ́yà mọ́. Bí ìjà ààlà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á dárúkọ mi, alátakò á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí àwọn tó ń wa góòlù fi gbé katapílà dé etí oko kòkó bàbá mi ní Itagunmodi. Nígbà náà, mo ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn ológun, mo ti di lọ́yà ìjọba ní Òṣogbo. Mo sáré wá sí Iléṣà. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹjọ́ ìjọba nìkan ni òfin ní kí n máa rò. Ẹ tètè wá lọ́yà mìíràn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Kí n gbé ẹjọ́ mi fún ọmọ ọlọ́mọ? Kí ni mo fẹ́ wí ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá," ni àǹtí mi wí, ó ṣẹ́jú sí mi. "Sójà ni. Wọn kì í sọ ibi tí wọ́n fẹ́ yìnbọn sí."

"Àǹtí, n ò fi nǹkan kan pamọ́ o!"

"A ti gbọ́, sà. O ò fi nǹkan kan pamọ́."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Mo bá wọn wá lọ́yà kan tí a jọ lọ sí yunifásítì. Bàbá mi fún un níṣu, ó ní kó máa lọ. Mo padà sí Òṣogbo, mo bẹ ọ̀gá mi pé kó yọ̀ǹda mi fún ẹjọ́ kan péré. "Ẹ̀yin náà mọ òfin," ló fi dá mi lóhùn. Mo mọ̀ ọ́n. Òfin yẹn kan náà ló ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi kún tirẹ̀ ni kó máa dá oko. Oko wo?

Àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà ti kó ara wọn jọ sábẹ́ lọ́yà kékeré kan. Wọ́n wá pe bàbá mi kó dara pọ̀ mọ́ wọn. "Ẹ̀yin, ẹ máa wá lọ́yà kiri," ló sọ fún wọn. "Èmi bí tèmi ni." Adájọ́ dá katapílà dúró lórí ilẹ̀ àwọn tó pẹjọ́. Awakọ̀ rẹ̀ kàn yí i sápá tiwa ni. Bàbá mi àti àǹtí mi ò pè mí. Wọ́n ń retí ìbọn tí mo fẹ́ yìn.

Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìntì, kóòtù tó bá wù mí ni mo lè wọ wíìgì lọ. Mo lọ wo oko náà: kòtò lórí kòtò, omi pupa, gbòǹgbò kòkó tó kọjú sókè. Kí ni n ó ní kí adájọ́ dá dúró?

Mo bá bàbá mi nílé lábẹ́ àwòrán mi tí mo wọ aṣọ ológun. Ọ̀kan nínú àwọn alámùúlégbè oko wá kí i, òórùn kòkó tó ń sá sí oòrùn ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀.

"Bàbá Lọ́yà, ọ̀rọ̀ oko yẹn ńkọ́?"

"Ó ti wà lọ́wọ́ ìjọba," ni bàbá mi wí, ó nàka sí mi. "Ẹ bi í."