Ẹ̀rọ Pákí Tí Tíṣà Fẹ́ Rà

Ọmọ mi ní kí n ta oko ọsàn wa, kí òun lè fi ra ẹ̀rọ tí ń rin pákí.

Tíṣà ni. Láàárọ̀ yìí ló ṣírò rẹ̀ fún mi: "Bàbá, láàárín ọdún méjì, ẹ̀rọ yẹn á ti pa iye tí a fi rà á."

Mo bi í pé àwọn wo ni oníbàárà rẹ̀.

"Gbogbo obìnrin agboolé wa ni mo kà."

"Àwọn tó gbé ọ pọ̀n yìí náà lo fẹ́ máa gbowó lọ́wọ́ wọn? Èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ gbé pákí wá, ọ̀fẹ́ sì ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó máa ra oko ń bọ̀ láti Fìdítì lọ́la.

Oko yẹn là ń jẹ. Bí ẹ bá jẹ́ èmi, kí lẹ máa sọ fún un?