Islamiyat àti Ẹnu Ṣájà Tí Wọ́n Ló Gbé Mì

Wọ́n ní Islamiyat ti Agbowó gbé ẹnu ṣájà fóònù mì, ihò tí wọ́n ń ki wáyà iná bọ̀, odindi, tòun ti irin inú rẹ̀. Wọ́n ní bí èèyàn bá gbé etí lé ikùn rẹ̀, èèyàn á gbọ́ "tíìn", bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ki wáyà bọ fóònù. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì búra pé òun rí iná pupa tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ híjáàbù rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tiẹ̀ ti ń bi í bóyá ó lè bá àwọn gba iná sí fóònù bí wọ́n bá mú iná lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ ná.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Islamiyat. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Ahmed ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó. Ó lẹ́wà, ó mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Àmọ́ Ọlọ́run tó fún un ní gbogbo èyí kò rántí fún un ní ìdí tí í jókòó. Bó bá jókòó, apá kan ìdí ló máa fi kan àga, apá kejì á wà lójú afẹ́fẹ́ bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Bó bá ń lọ sí Bódìjà, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn ín, nítorí kò lè fara da kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń dúró de èrò kan ṣoṣo tó kù. Ahmed sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ọwọ́ rẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ọ̀gá tó parí àlàyé, Islamiyat ti tú fóònù palẹ̀. Kò lo àwo fún súkúrù. Ètè rẹ̀ ni àwo. Bí télọ̀ ṣe ń fi ètè di píìnì mú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń to súkúrù àti ẹ̀yà kéékèèké sẹ́nu, á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan bá èèyàn ṣàríyànjiyàn.

"Ọjọ́ kan lo máa jẹ fóònù oníbàárà," Ahmed máa ń wí.

"Ọ̀gá, èyí tó bá dùn ni mà á jẹ."

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ara rẹ̀ ò tiẹ̀ wá gba nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ Sátidé ló yẹ kó gba fírídọ̀ọ̀mù: ọ̀gá á fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n á ṣàdúrà, ìkọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta á sì parí. Ṣùgbọ́n Ahmed ní iṣẹ́ kan kù tó gbọ́dọ̀ dá ṣe kóun tó fọwọ́ sí ìwé. Fóònù Tíṣà Ikúbọlájẹ́ ni.

Tíṣà jẹ́ màmá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, Bódìjà ni wọ́n ń gbé. Mofẹ́olúwa ọmọ wọn, tó wà ní Jẹ́mánì, ló ra fóònù náà fún wọn, irú èyí tí wọ́n ń tú ní ẹ̀yà ẹ̀yà: bí kámẹ́rà bá bàjẹ́, wọ́n á yọ kámẹ́rà nìkan, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, bó jẹ́ ẹnu ṣájà ni, bákan náà. Ẹnu ṣájà ti Tíṣà ti gbó. Wáyà kì í dúró nínú rẹ̀ mọ́. Mofẹ́olúwa bá fi tuntun ránṣẹ́, èyí tó ń gba iná yára ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi retí ẹni tó bá wọn mú un bọ̀. Èèyàn lè wá gbogbo Ìbàdàn kó má rí irú rẹ̀ rà.

"Bó bá sọ nù tàbí tó kán, gbàgbé Sátidé," ni Ahmed wí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ń lọ ra ọjà ní Dùgbẹ̀. "A ó tún fi ọdún kan kún un."

Islamiyat ṣí ẹ̀yìn fóònù, ó yọ bátìrì, ó já ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹ̀yà tuntun náà. Kúlíkúlí wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ń ṣe tiẹ̀, ọkàn ń ṣe tiẹ̀. Ṣé òjò ò ní rọ̀ ní Sátidé? Ṣé àǹtí rẹ̀ á tètè ti Ọ̀yọ́ dé? Ṣé ìrẹsì á kárí? Ibi tó bá ìrẹsì dé nìyẹn tí Àmúdàtù, tó ń ṣe POS níwájú ṣọ́ọ̀bù, figbe ta.

"Islá! Islá o! Ẹ̀rọ mi tún ti kú!"

Islamiyat fò dìde. Nǹkan kan há a lọ́fun, ó gbé e mì gbúlúú, ó sáré jáde. Nígbà tó padà, ọ̀rá ẹ̀yà tuntun wà lórí tábìlì, òfìfo. Ó wo inú fóònù: ẹnu ṣájà wà níbẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní, ó dáa, n ò tíì yọ ti àtijọ́. Tuntun wá dà?

Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó gbọn híjáàbù. Ó bọ́ bàtà, ó gbọn bàtà. Ó gbálẹ̀, ó sì fọwọ́ yẹ pàǹtí wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Islá," ni Àmúdàtù wí lẹ́nu ọ̀nà, "kí lo gbé mì nígbà tí mo pè ẹ́?"

"Kúlíkúlí."

"Ó dá ẹ lójú? Mo rí ojú ẹ o. Kúlíkúlí kì í yọ ojú èèyàn bẹ́ẹ̀ yẹn."

Islamiyat fọwọ́ kan ọ̀fun. Kò dá a lójú mọ́.

Kí wákàtí kan tó pé, ẹsẹ̀ ti pé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan ní kó jẹ ẹ̀bà líle, ẹnìkan ní ilá, ẹlòmíràn ní kó sáré lọ ya fọ́tò inú ní Ring Road. Ọpẹ́mipọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan, mú irin tó ń fa irin wá, ó ń fi í rìn kiri lójú ikùn Islamiyat. Síìpù síkẹ́ẹ̀tì nìkan ló rí fà. Àwọn èèyàn hó yèè. Islamiyat jẹ ẹ̀bà náà lóòró. Ó lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe ikùn ló ń dùn ún. Sátidé ni.

Àmúdàtù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Dé fóònù yẹn padà, kó o ní o ti ṣe é. Tó bá tún ṣòro láti gbaná, ọjà òyìnbó náà ń bàjẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

Islamiyat wo fóònù náà títí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó dúró sójú kan.

"Èmi á mọ̀," ló wí. "Tí n bá sì purọ́ gba fírídọ̀ọ̀mù, kí ni wọ́n fẹ́ dá mi sílẹ̀ lọ ṣe?"

Aago méjì lù, Tíṣà dé, báàgì lọ́wọ́, awò ojú ní imú. Islamiyat kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti gbé e mì."

"O ti kí ni?"

"Ẹnu ṣájà yín, mà. Ó wà nínú mi."

Tíṣà wò ó láti òkè awò, bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tó ní ewúrẹ́ jẹ ìwé òun. "Dìde. Gbé bátìrì yẹn fún mi."

Mofẹ́olúwa ti fi fídíò kọ́ wọn, wọ́n fi bátìrì sí i fúnra wọn, wọ́n dé e, wọ́n sì ki wáyà Àmúdàtù bọ̀ ọ́. Ojú fóònù là wàá. Wọ́n fa wáyà, kò yọ. Wọ́n gbọn fóònù jìgìjìgì, iná kò já.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ahmed wọlé lásìkò yìí, ó ti gbọ́ nínú táksí pé ọmọ iṣẹ́ òun ń tanná nínú. Wọ́n ròyìn fún un. Ó gbé agolo mílíìkì tí wọ́n ń ju òkú ẹ̀yà fóònù sí, ó dà á sórí tábìlì. Ẹnu ṣájà àtijọ́ ló wà lókè pátápátá, tìdọ̀tí tìdọ̀tí. Islamiyat kò wo ibẹ̀ rárá. Ta ló ń wá alààyè láàárín òkú?

"Yéè!" Àmúdàtù ké. "Ó ti ṣe é tán kí n tó pè é!"

"Ọwọ́ ẹ ti parí iṣẹ́," Ahmed sọ, ó ń fi ara balẹ̀ rẹ́rìn-ín, "kò kàn rí ẹ nílé kó sọ fún ẹ ni. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tó o sọ fún Mọ́mì. Sátidé dúró. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, àwo ni kó o máa lò fún súkúrù."

"Mo gbọ́, ọ̀gá." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó parí ọ̀rọ̀, ó fẹ́ sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

Títí dòní ni wọ́n ṣì ń gbé etí lé e níkùn. Ẹnu ṣájà náà wà nínú fóònù Tíṣà ní Bódìjà, súkúrù mẹ́ta ló dè é mọ́bẹ̀.