Ilẹ̀kùn Tí Onígbàjámọ̀ Kò Ṣí

Gbogbo àdúgbò ló mọ onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní yàrá iwájú ilé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé àwọn ọmọ tó máa ń ké bí wọ́n bá ti rí kílípà lásán, orí àga rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sùn lọ fọnfọn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń dá gbé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dá. Láti àárọ̀ ni àwọn ọkùnrin máa ń kún orí bẹ́ǹṣì rẹ̀, àwọn tó wá gẹrun, àti àwọn tí kò ní irun kan lórí mọ́, tó jẹ́ pé ẹjọ́ bọ́ọ̀lù ló gbé wọn wá.

Àfi bí àjàkálẹ̀ àrùn ṣe dé. Ìjọba ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, kí kálukú jókòó sílé. Lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ fi aṣọ bo àga ìgẹrun rẹ̀, ó ṣe é bí ẹni pé wọ́n gba ahọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ nílùú mìíràn, ọ̀nà sì ti dí. Òun fúnra rẹ̀, wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àrùn náà gan-an ni wọ́n gbé e sí. Kò wọlé. Ó dúró sétí títì pẹ̀lú ìbòmú rẹ̀, ó gbé báàgì àwọn ọmọ sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tì wọ́n síwájú díẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé o. Ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́, ì báà jẹ́ ẹbí. Èmi gan-an, tí mo bá wá, ojú fèrèsé la ó ti máa kíra."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló máa tọ́jú ìwọ?"

"Wọ́n ti fún wa ní yàrá nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ẹ ṣáà bá mi mójú tó wọn. Tí ọkàn mi bá balẹ̀ lórí tiwọn, ọwọ́ mi ò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́yà ni wọ́n ń pe èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin ọdún méje, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tí kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, "rárá" nìkan ló sì mọ̀ ọ́n pè kó já gaara.

Irun wọn ló kọ́kọ́ fa wàhálà. Nígbà tó rí i pé ó ti ta kókó, onígbàjámọ̀ lọ gbé kílípà rẹ̀ jáde.

"Bàbá àgbà, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Lọ́yà bi í.

"Mo fẹ́ gé e mọ́lẹ̀ kí orí yín lè fẹ́ atẹ́gùn ni."

"Ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Dídì ni wọ́n ń di irun tiwa."

Ni ọkùnrin tó ti gẹ orí ènìyàn láti ìgbà èwe rẹ̀ bá jókòó, tó ń fi ìka gàgàrà wá bí yóò ṣe la irun ọmọdé, kó sì dì í. Nígbà tó ṣe tán, ọ̀kan kọjú sókè, ọ̀kan kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn yòókù sì ti fẹ́ máa tú. Lọ́yà wo dígí títí, ó ní, "Kò burú. A ò kúkú ní jáde."

Díẹ̀díẹ̀, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ wọn lára. Wọ́n sọ ọwọ́ fífọ̀ deré. Èyí kékeré á ní "rárá", á wá ri ọwọ́ bọ inú ọṣẹ dé ìgúnpá. Bí nọ́ọ̀sì bá ráyè, á wá dúró sí òdìkejì títì, àwọn ọmọ á fi imú tẹ gíláàsì fèrèsé, wọ́n á jọ máa pariwo sí ara wọn. Àwọn oníbàárà náà kò jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n á wá máa kan ilẹ̀kùn pé kó kàn bá àwọn fá ẹ̀bá etí lásán. Á lejú mọ́ wọn láti ojú fèrèsé, á ní, "Ẹ ní kí ìyàwó yín bá yín dì í!"

Ẹnì kan ló wà tí irú àwàdà bẹ́ẹ̀ kò lè lé lọ. Ṣọ́jà ni. Kò ṣiṣẹ́ ológun rí o. Ọkọ̀ ẹrù ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, bó ṣe máa ń na àyà rìn ló sọ ọ́ lórúkọ. Òun àti onígbàjámọ̀ ti ń bára wọn bọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. Nígbà tí ìyàwó onígbàjámọ̀ kú, orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Ṣọ́jà ń sùn, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà jí bá ilé òfìfo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dé.

"Ṣílẹ̀kùn, ọ̀rẹ́ mi. Wo orí mi! Mo ti di ẹni inú igbó."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Kò mọ̀ pé àárò ohùn yẹn ti sọ òun tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ti ń yún un fún iṣẹ́, ó sì ti di kọ́kọ́rọ́ mú. Ni Ṣọ́jà bá wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tún wú òmíràn.

"Ikọ́ wo nìyẹn?"

"Eruku ni jàre. Ṣé èèyàn ò gbọ́dọ̀ wúkọ́ mọ́ ni?"

Nínú ilé lọ́hùn-ún, èyí kékeré ń fi ṣíbí lu ìdí ìkòkò, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ọwọ́ onígbàjámọ̀ dúró gbagidi lórí kọ́kọ́rọ́.

"Ṣọ́jà, má bínú. Mi ò lè ṣí i."

"Fún èmi?"

"Fún ìwọ náà. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ mi."

"Èmi tí mo sùn lórí bẹ́ǹṣì yẹn?"

"Mi ò gbàgbé, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò lè gbàgbé láé."

Ìró bàtà ló gbọ́ tó ń lọ. Ó gbé iwájú orí lé ilẹ̀kùn, ojú sì ń tì í bí ẹni tó jalè.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, fóònù dún.

"Bàbá mi, ẹ jókòó ná," ni nọ́ọ̀sì wí. "Wọ́n gbé Ṣọ́jà wá sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ yìí. Agbára káká ló fi ń mí. Àrùn náà ni. Ṣé ó wá sọ́dọ̀ yín?"

"Ó wá. Mi ò ṣílẹ̀kùn."

Ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe mí kanlẹ̀. Àmọ́ Lọ́yà, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn àga, bú sẹ́kún.

"Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ kí i níta. Ó gbé mi sókè. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò bínú, mi ò wá lè jẹ́ iṣẹ́ náà, torí ẹ ní ká má jáde."

Onígbàjámọ̀ tẹ fóònù mọ́ etí. Kò jágbe mọ́ ọmọ náà. Ó tẹ́tí sí gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ó sì ṣe é bó ṣe wí. Wọ́n gbé ibùsùn Lọ́yà sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣí fèrèsé, ìbòmú wà lójú gbogbo wọn àyàfi èyí kékeré. Ẹnu ọ̀nà ni bàbá àgbà ń gbé oúnjẹ sí, òun náà á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ.

"Bàbá àgbà, ṣé èmi ni mo kó o ràn án?"

"Rárá o. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kó o ran ẹnì kankan. Àrùn ni."

Àfi bí Lọ́yà ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ ń jó fòfò, tí kò lè gbé itọ́ mì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dé pẹ̀lú aṣọ funfun tó bò wọ́n látòkè délẹ̀. Wọ́n fi òwú sí i nímú láti ṣàyẹ̀wò bóyá àrùn náà wà lára rẹ̀. Lọ́yà sín, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò fi mú un látẹsẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà kò lè rẹ́rìn-ín. Látìgbà yẹn títí tí èsì fi dé, ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Á fọ àwọn kóòmù rẹ̀, á tò wọ́n, á tún kó wọn dà sínú omi.

Nígbà tí fóònù dún, ẹkún nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Bàbá mi, kò sí lára rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló wú. Wọ́n ti ń gbé oògùn bọ̀."

"Tún un sọ."

"Kò sí lára rẹ̀!"

"Tún un sọ, kí òun náà gbọ́." Ó sì na fóònù sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Ẹ̀rín ń pa á, omijé ń dà, kò mọ èyí tí yóò mú. Èyí kékeré wá dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó sùn-ùn, ó ní, "Rárá!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi," ni bàbá àgbà wí. "Rárá ni wọ́n wí."

Ti Ṣọ́jà kò yá bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó lè máa mí dáadáa, nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó ń ṣọ́ bàbá tó bí i. Ní ọjọ́ tó bèèrè oúnjẹ, ó ní kí wọ́n pe ọ̀rẹ́ òun.

"Mo gbọ́ pé o ṣì wà níbẹ̀," onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ rẹ ò jẹ́ kí n ríbi lọ. Àṣẹ tó ń pa fún mi ju ti ológun lọ." Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Ọmọdé yẹn ńkọ́? Mo gbé e sókè."

"Ara rẹ̀ ti le koko. Kò kó nǹkan kan."

"Látìgbà tí mo ti ta jí lọ̀rọ̀ yẹn ò ti jẹ́ kí n sinmi. Ká ní o ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi pẹ́nrẹ́n..."

"Má sọ ọ́."

"Jẹ́ n sọ ọ́. O ṣeun."

Àrùn náà rọlẹ̀ nígbà tó yá. Wọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, wọ́n yẹ nọ́ọ̀sì wò, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò dúró sí òdìkejì títì mọ́. Ó sọdá, ó wọlé, àwọn ọmọ sì rọ́ lù ú débi pé àga ìgẹrun tó wà nítòsí ló fi ìdí lé. Èyí kékeré gun itan rẹ̀, Lọ́yà so mọ́ ọrùn rẹ̀, ó ń ro ẹjọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sinmi. Kí bàbá àgbà tó bu omi dé, oorun ti gbé nọ́ọ̀sì lọ, gbogbo wọn wà lórí rẹ̀ síbẹ̀.

Onígbàjámọ̀ rí àpá ìbòmú tó ti fa ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó tú bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fi ìka sí ẹnu fún Lọ́yà, ó sì lọ dín iná oúnjẹ kù, kó lè gbóná dìgbà tó bá jí.